Ilé tí Lítíọ́mù Ń Gbé nínú Bátìrì: Ti Kóbọ́ọ̀tì ni, tàbí ti Irin?

Bí ènìyàn bá wọ ìsọ̀ àwọn tí ń ta ohun èlò iná oòrùn lónìí, ọ̀rọ̀ kan ni wọn yóò máa kì sí i létí: "Lítíọ́mù ni, ọ̀gá, kì í ṣe bátìrì olómi àtijọ́ yẹn." Wọn á gbé ọ̀kan wá, wọn á ní lítíọ́mù ni. Wọn á tún gbé òmíràn tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́ wá, wọn á ní lítíọ́mù náà ni. Oníbàárà á máa wo méjèèjì bí ẹni ń wo ìbejì, á san owó èyí tí ó pọ́ọ́kú, á sì gbé e lọ sí ilé tí ìyàwó àti ọmọ ń sùn.

Ẹ̀yin ònkàwé mi, ẹni tí ń tajà náà kò purọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ tí ó sọ kò pé. Lítíọ́mù wà nínú bátìrì fóònù, ó wà nínú ti kọ̀ǹpútà alágbèéká, ó wà nínú ti ọkọ̀ tí kì í mu epo, ó sì wà nínú èyí tí a ń so mọ́ ìnfátà. Síbẹ̀ wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ọ̀kan lè gbiná bí wọ́n bá fi ìyà jẹ ẹ́; èkejì yóò fara da ìyà púpọ̀ kí inú tó bí i. Agbára ọ̀kan lè tán láàárín ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Èkejì lè lo ọdún mẹ́wàá. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pléètì inú wọn, èyíinì ni ohun tí a fi ṣe é. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń wádìí ọ̀rọ̀ pléètì yìí, àwọn mẹ́ta nínú wọn sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní ọdún 2019. Olùkọ́ ni mí, mo sì gbà pé ẹni tí yóò ná owó oṣù mélòó kan lórí bátìrì ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Ilé tí à ń wó, tí à ń kọ́

Inú bátìrì kò ju ohun mẹ́ta pàtàkì lọ. Pléètì kan wà fún orí pupa, èyí tí àwọn oníná ń pè ní pọ́sítíìfù. Pléètì kejì wà fún orí dúdú, tí í ṣe nẹ́gẹ́tíìfù. Omi bátìrì sì wà láàárín wọn. Ọ̀gbẹ́ni Alessandro Volta, ará Ítálì, ni ó to síńkì àti bàbà léra wọn ní ọdún 1800, tí ó fi nǹkan tí a rì sínú omi iyọ̀ sí àárín wọn, tí iná sì jáde. Ṣùgbọ́n àlọ ni ti iná yẹn, kò ní àbọ̀. Bí síńkì bá ti jẹ tán, ó parí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni bátìrì tọ́ọ̀ṣì olówó pọ́ọ́kú tí gbogbo wa mọ̀. Agolo tí ó wà lára rẹ̀ ni pléètì síńkì. Ìdí nìyí tí ó fi máa ń jò sínú tọ́ọ̀ṣì bí a bá gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀: agolo náà ti jẹ títí ó fi lu.

Ará Faransé kan, Gaston Planté, ni ó ṣe bátìrì tí ó ṣeé cháàjì ní ọdún 1859. Òjé ni ó fi ṣe pléètì méjèèjì, inú ásíìdì ni ó sì rì wọ́n sí. Ọmọ-ọmọ bátìrì yẹn ni ó wà nínú mọ́tò wa títí di òní. Bí a bá ń lo iná inú rẹ̀, ara pléètì méjèèjì á máa di nǹkan funfun kan; bí a bá cháàjì rẹ̀, nǹkan funfun náà á padà di ohun tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ẹ ò rí i pé ilé tí à ń wó lójoojúmọ́, tí a sì ń kọ́ padà lójoojúmọ́ ni. Bíríkì irú ilé bẹ́ẹ̀ kò lè pé títí láé. Ẹ̀rún á máa já bọ́ sí ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí a bá sì fi bátìrì náà sílẹ̀ láìní iná nínú fún ìgbà pípẹ́, nǹkan funfun náà á le gbagidi, kò ní gbà láti padà mọ́. Ohun tí àwọn tí ń cháàjì bátìrì lẹ́bàá títì ń wí nìyẹn nígbà tí wọ́n bá mi orí, tí wọ́n ní pléètì ti jẹ.

Wàyí o, ìbéèrè tí ó gba àwọn ọ̀mọ̀wé lọ́kàn ni èyí: ǹjẹ́ a lè rí pléètì tí a kò ní máa wó? Ǹjẹ́ a lè rí ilé tí ó jẹ́ pé ayálégbé kàn ń wọlé, ó ń jáde, tí ògiri kò sì mì?

Lítíọ́mù ni ayálégbé tí ọkàn wọn lọ sí. Nínú gbogbo ẹbí irin, bàbà, òjé àti wúrà, kò sí èyí tí ó fúyẹ́ tó o. Bí a bá jù ú sínú omi, yóò léfòó, yóò sì máa hó ṣùù. Ẹyọ rẹ̀ kéré púpọ̀, ó sì ní ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù kan tí ó máa ń tètè jọ̀wọ́. Nígbà tí a bá ń lo bátìrì, ẹ̀lẹ́ktírọ́ọ̀nù yìí á gba inú wáyà kọjá, òun ni yóò tan gílóòbù wa. Lítíọ́mù fúnra rẹ̀ á gba inú omi bátìrì kọjá, àwọn méjèèjì á sì tún pàdé ní pléètì kejì. Bí a bá ń cháàjì, kálukú á gba ọ̀nà tí ó bá wá padà. Gbogbo iṣẹ́ bátìrì lítíọ́mù kò ju èyí lọ. Ilé tí yóò gbà á ní ìhà méjèèjì ni wàhálà.

Ìwé tí a fi nǹkan bọ àárín ojú-ewé rẹ̀

Ọ̀gbẹ́ni Stanley Whittingham, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ́kọ́ rí irú ilé bẹ́ẹ̀ tí ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ilé-iṣẹ́ epo Exxon ní Amẹ́ríkà ni ó ń bá ṣiṣẹ́ ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí epo rọ̀bì di ọ̀wọ́n, tí àwọn elépo fúnra wọn ń wá ohun tí yóò gba ipò epo. Ó mú títéníọ́mù, ó pò ó mọ́ imí ọjọ́. Ohun tí ó jáde dà bí ìwé, ojú-ewé lórí ojú-ewé. Gbogbo wa ni a ti rí bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi owó pamọ́ sí àárín Bíbélì. Owó náà wọlé, owó náà jáde, ìwé kò ya. Bẹ́ẹ̀ ni lítíọ́mù ṣe ń wọ àárín ojú-ewé títéníọ́mù yìí, tí ó sì ń jáde. Ọ̀gbẹ́ni Whittingham tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 1976.

Ṣùgbọ́n ti pléètì kejì kò dára. Lítíọ́mù gidi, tí kò ní ilé kankan lórí, ni ó fi ṣe é. Nígbà tí wọ́n bá ń cháàjì, lítíọ́mù tí ń padà bọ̀ kì í tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó máa ń hù bí irun. Irun náà á gùn, á gùn, títí yóò fi gún dé ara pléètì ìhà kejì. Bí àwọn méjèèjì bá ti kan ara wọn báyìí, iná ni. Léraléra ni àwọn panápaná ń sáré lọ sí ilé ìwádìí náà. Nígbà tí owó epo sì wálẹ̀ lẹ́yìn náà, àwọn elépo pa iṣẹ́ náà tì. Mo máa ń rò ó pé bí epo bá ti wọ́n fún ọdún mẹ́wàá sí i, bóyá ìtàn ìbá yí padà.

Ọ̀gbẹ́ni tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ó-dára-tó

John Goodenough ni orúkọ ẹni tí ó gba iṣẹ́ náà ṣe. Bí a bá fi Yorùbá túmọ̀ orúkọ náà, Ó-dára-tó ni. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí kì í gbà pé ohunkóhun dára tó. Ọmọ Amẹ́ríkà ni àwọn òbí rẹ̀, ìlú Jena ní ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1922. Nígbà èwe rẹ̀, ìwé kíkà nira fún un gidigidi. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń fi ẹgba lé ọmọ tí kò tètè mọ ìwé kà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀ síbí yìí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ kọ́ ẹ̀kọ́ físíìsì ní Chicago, wọ́n sì sọ fún un níbẹ̀ pé ó ti dàgbà jù láti bẹ̀rẹ̀.

Ó di Oxford ní ìlú Ọba ní ọdún 1976. Ibẹ̀ ni ó ti rò ó pé imí ọjọ́ tí Whittingham lò kò lè fún ni ní agbára púpọ̀. Ọ́síjìn ni ó lè ṣe é. Òun àti Ọ̀gbẹ́ni Koichi Mizushima, tí ó ti Jàpáànì wá, dán oríṣiríṣi wò, títí wọ́n fi dé orí kóbọ́ọ̀tì tí a pò mọ́ ọ́síjìn àti lítíọ́mù. Ní ọdún 1980 wọ́n kéde pé ó gbé fọ́ọ̀tì 4 jáde, nígbà tí ti Whittingham kò ju nǹkan bí 2 àbọ̀ lọ. Ohun pàtàkì kejì ni pé inú pléètì kóbọ́ọ̀tì yìí ni lítíọ́mù ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ilé tí a rà pẹ̀lú ayálégbé nínú ni. Kò wá pọn dandan mọ́ kí ẹnikẹ́ni fi lítíọ́mù gidi, oníjàgídíjàgan yẹn, ṣe pléètì kejì.

Oxford kò fẹ́ náwó láti gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀. Ilé ìwádìí ìjọba ní Harwell ni ó gbà á níkẹyìn, Ọ̀gbẹ́ni Goodenough sì fọwọ́ síwèé pé òun jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ òun. Ohun tí a ń tà ní ọ̀kẹ́ àìmọye lónìí, kò rí kọ́bọ̀ kan gbà níbẹ̀. Ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ta ni yóò ṣe pléètì nẹ́gẹ́tíìfù? Níhìn-ín ni ọmọ Áfíríkà kan ti wọ inú ìtàn, ó sì dùn mọ́ mi láti kọ orúkọ rẹ̀. Rachid Yazami ni, ọmọ ìlú Fez ní Mòrókò. Ní Grenoble, ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 1980 kan náà, ó fi hàn pé gíráfáìtì, dúdú inú pẹ́ńsù tí àwọn ọmọ wa fi ń kọ̀wé, lè gba lítíọ́mù sáàárín ojú-ewé rẹ̀, kí ó sì tún jọ̀wọ́ rẹ̀. Àwọn kan ti ń sọ pé gíráfáìtì kò lè ṣe é. Lẹ́yìn èyí, Ọ̀gbẹ́ni Akira Yoshino ní Jàpáànì fi kóbọ́ọ̀tì Goodenough sí ìhà kan, ó sì fi èédú tí a rí lára epo rọ̀bì sí ìhà kejì, ní ọdún 1985. Nígbà tí ó tó àkókò láti dán an wò, ó ju irin ńlá lé bátìrì náà lórí. Kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ó ju irin náà lé irú èyí tí ó ní lítíọ́mù gidi nínú, ó sì bú gbàù. Ọdún 1991 ni ilé-iṣẹ́ Sony gbé bátìrì tuntun yìí dé ọjà, gíráfáìtì sì ni ó pọ̀ jù nínú pléètì nẹ́gẹ́tíìfù ayé lónìí.

Whittingham, Goodenough àti Yoshino ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2019. Goodenough jẹ́ ẹni ọdún 97 nígbà náà; kò tíì sí ẹni tí ó dàgbà tó o tí ó gbà á rí. Òfin wọn kò jẹ́ kí ó ju ẹni mẹ́ta lọ, nítorí náà Yazami kò sí níbẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun àti Goodenough àti Yoshino wà lára àwọn tí ó jọ gba ẹ̀bùn Draper ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2014. Ní tèmi, mo rò pé ó yẹ kí gbogbo ọmọ ilé-ìwé ní Áfíríkà mọ orúkọ ọkùnrin yìí bí wọ́n ti mọ orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù.

Ẹ̀bi kóbọ́ọ̀tì

Kò sí bí a ṣe lè ṣe ebòlò kí ó má rùn ìgbẹ́. Ilé kóbọ́ọ̀tì dára, ṣùgbọ́n kò lágbára tó bí a ti rò. Bí lítíọ́mù tí ó jáde nínú rẹ̀ bá ti ju bí ìdajì lọ, àwọn ojú-ewé náà á bẹ̀rẹ̀ sí wó lé ara wọn. Nítorí náà a níláti fi ìdajì àwọn ayálégbé sílẹ̀ nínú ilé nígbà gbogbo, kí ilé má bàa wó.

Èyí tí ó burú jù ni ti ooru. Bí ó bá gbóná ju bí ó ti yẹ lọ, kóbọ́ọ̀tì á tú ọ́síjìn tí ó dì mọ́ra sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ti sun oko rí mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ni iná ń jẹ. Omi inú bátìrì wọ̀nyí kì í sì í ṣe omi lásán, ó ń jó bí epo. Ẹ wá wò ó: ohun tí ń jó àti afẹ́fẹ́ tí yóò fẹ́ ẹ jọ wà nínú àpò kan náà. Ìdí nìyí tí aṣọ tí a dà bo fóònù tí ń jó kì í fi í pa á. Ó gbé afẹ́fẹ́ tirẹ̀ dání. Ní ọdún 2016 Samsung kó fóònù Galaxy Note 7 kúrò lọ́jà pátápátá nítorí iná. Nígbà tí wọ́n tú àwọn bátìrì náà wò, wọ́n rí i nínú àwọn kan pé igun pléètì nẹ́gẹ́tíìfù ni ó tẹ̀, tí ó sì fún ara wọn mọ́. Nǹkan kékeré báyìí ni.

Ó tún ku ibi tí kóbọ́ọ̀tì ti ń wá. Ó ju ìdá méjì nínú mẹ́ta kóbọ́ọ̀tì tí wọ́n ń wà láyé tí ó ń ti ilẹ̀ Kóńgò ti Kinshasa jáde, ní agbègbè Kolwezi àti àyíká rẹ̀. Ẹ̀rọ ńláńlá ni ó ń wa èyí tí ó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ń fi ọwọ́ wà á. Ní ọdún 2016 ẹgbẹ́ Amnesty International kọ ọ́ jáde pé àwọn ọmọdé wà lára wọn, títí kan ọmọ ọdún méje, tí ń ṣa òkúta, tí ń ru ú, tí ń fọ̀ ọ́. Mo ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ilé-ìwé. Ọjọ́ orí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń fi méjì sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ ni.

Ohun ìní Ògún

Àwọn ọ̀mọ̀wé kò dákẹ́. Ní ọdún 1981 Ọ̀gbẹ́ni Michael Thackeray ti ilẹ̀ South Africa wá bá Goodenough ní Oxford, àwọn méjèèjì sì jọ wá ilé mìíràn tí a fi mánganíìsì kọ́, tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Iṣẹ́ yẹn wúlò, a ṣì ń lò ó pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó kàn wá jù lọ ní ilẹ̀ olóoru wa yìí ni ti irin.

Goodenough ti kúrò ní Oxford lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga Texas ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1986, nítorí ó ti ń súnmọ́ ọjọ́ orí tí wọn yóò ní kí ó lọ sinmi ní ìlú Ọba. Ní Texas ni òun, Ọ̀gbẹ́ni Akshaya Padhi, ọmọ Íńdíà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti rí i pé irin lásán, ohun ìní Ògún tí a fi ń rọ ọkọ́ àti àdá, tí ó ń mú kí ilẹ̀ wa pọ́n, lè ṣe iṣẹ́ kóbọ́ọ̀tì bí a bá pò ó mọ́ fósífétì. Ẹni tí ó bá ń fọ́n ajílẹ̀ sóko mọ fósífétì. Ọdún 1997 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Baba náà ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Àǹfààní rẹ̀ nìyí. Nínú fósífétì, ọ́síjìn kò dúró gbẹ̀rẹ̀. A dì í mú bí ìyá ti í gbá ọmọ mọ́ra nínú èrò ọjà. Bí ó tilẹ̀ gbóná, kì í tètè jọ̀wọ́ rẹ̀. Iná kò wá rí afẹ́fẹ́ jẹ nínú pléètì náà. N kò wí pé bátìrì onírin kò lè jó rárá o. Omi inú rẹ̀ ṣì lè jó, ẹni tí ó bá sì so wáyà rẹ̀ ní àsopọ̀ kúsọkùsọ yóò rí ohun tí ó ń wá. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn pọ̀. Ilé irin yìí kì í sì í wó bí gbogbo ayálégbé bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde tán. Ìdí nìyí tí ó fi ń pẹ́: bátìrì fóònù á bẹ̀rẹ̀ sí rẹ̀wẹ̀sì lẹ́yìn tí a bá ti cháàjì rẹ̀ bí ìgbà 500 sí 1,000, èyí tí a fi irin ṣe dáadáa lè tó ìgbà 2,000, ó lè tó 4,000, àwọn mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbùkù tirẹ̀ náà wà. Iná kì í tètè gba inú rẹ̀ kọjá, débi pé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn kan rò pé kò ní wúlò fún iṣẹ́ ńlá. Ọ̀gbẹ́ni Michel Armand àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Montréal, ní ilẹ̀ Kánádà, ni wọ́n wá ọgbọ́n sí i: wọ́n fi èédú tín-ín-rín pa á lára yíká, bí a ti ń fi àdí pa ọmọ lára. Wọ́n tún lọ̀ ọ́ kúnná bí àtíkè. Láti ìgbà náà ni ó ti ń sáré. Ohun tí kò sí ọgbọ́n sí ni pé ó wúwo ju ti kóbọ́ọ̀tì lọ bí a bá fẹ́ kí agbára wọn dọ́gba. Nítorí náà kò tíì lé kóbọ́ọ̀tì kúrò nínú fóònù tí à ń fi sápò. Ṣùgbọ́n bátìrì tí a gbé kọ́ ògiri ilé, kí ni ó kàn án bí ó bá wúwo? Àwọn ará Ṣáínà ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù, àti ní ọdún 2024, irú èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo bátìrì ọkọ̀ oníná tí wọ́n lò lágbàáyé.

Bí a ti ń dá a mọ̀ lọ́jà

Ẹ má ṣe bèèrè bóyá lítíọ́mù ni. Ẹ bèèrè ilé tí lítíọ́mù náà ń gbé. Bí ẹ bá rí i tí a kọ LiFePO4 tàbí LFP sára rẹ̀, irin ni: Fe yẹn ni àmì tí àwọn onímọ̀ kẹ́místìrì fi ń pe irin, láti inú èdè Látìnì. Bí ó bá sì jẹ́ NMC ni wọ́n kọ, níkẹ́ẹ̀lì, mánganíìsì àti kóbọ́ọ̀tì ni.

Bí wọn kò bá kọ èyíkéyìí, ẹ wo fọ́ọ̀tì rẹ̀, nítorí pé pléètì kọ̀ọ̀kan ní fọ́ọ̀tì tí ó jẹ́ tirẹ̀. Ẹyọ bátìrì onírin kan jẹ́ 3.2. Ti kóbọ́ọ̀tì àti àwọn ará ilé rẹ̀ jẹ́ 3.6 tàbí 3.7. Mẹ́rin onírin tí a so pọ̀ á di 12.8, mẹ́jọ á di 25.6, mẹ́rìndínlógún á di 51.2, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù nínú ti ilé. Ẹ wo ẹ̀yìn fóònù tàbí bátìrì kọ̀ǹpútà yín, ẹ óò rí 3.7 tàbí ohun tí ó súnmọ́ ọn tàbí ìlọ́po rẹ̀. Ìṣirò kíláàsì kẹta ni, kò sì náni ní kọ́bọ̀.

Lóòótọ́ ẹnikẹ́ni lè tẹ ohun tí ó wù ú sára páálí. Nítorí náà ẹ gbé e wò. Bátìrì onírin ti 51.2 tí a kọ 100Ah sí lára máa ń wọ̀n tó kìlógíráàmù 40 sí 50. Bí ẹ bá rí ọ̀kan tí ọmọdé lè fi ọwọ́ kan gbé rìn, ẹ máa bá tiyín lọ. Ẹ má sì ṣe fi ẹ̀rọ tí a ṣètò fún ọ̀kan cháàjì èkejì: 3.65 ni a kì í kọjá fún ẹyọ onírin, nígbà tí ti kóbọ́ọ̀tì ń dé 4.2. Ẹni tí ó bá gbé irin dé 4.2 ń ba nǹkan tirẹ̀ jẹ́ ni. Ní ti àwọn tí ń tú bátìrì àlòkù inú kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń so ó pọ̀ di bátìrì ilé, ọ̀rọ̀ wọn ń bà mí lẹ́rù. Kóbọ́ọ̀tì tí ó ti darúgbó ni, kò sì sí ẹni tí ó mọ ìyà tí ó ti jẹ níbi tí ó ti wá.

Ayálégbé náà ní ìtàn tirẹ̀

Bí a bá ti wá fi irin rọ́pò kóbọ́ọ̀tì, ẹnì kan lè rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Kolwezi ti parí ní tiwa. Ṣùgbọ́n bí ilé bá yí padà, ayálégbé kan náà ni. Lítíọ́mù wà nínú òkúta ilẹ̀ Nàìjíríà, ní Nasarawa pàápàá. Wọ́n ti rí i ní Kwara, ní Èkìtì àti ní Ọ̀yọ́ pẹ̀lú. Ní oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2024, àwọn oníròyìn Associated Press kọ nípa àwọn ọmọdé tí ń ṣiṣẹ́ nídìí òkúta yìí ní Pasali, ní ìpínlẹ̀ Nasarawa. Ọ̀nà kò jìn sí Àbújá níbẹ̀. Wọ́n fi ilé-ìwé sílẹ̀ láti máa fọ́ òkúta, láti máa ṣa á. Àwọn tí ń rà á lọ́wọ́ wọn á kó o lọ sókè òkun, pléètì àti bátìrì ni yóò sì padà wá fún wa, pẹ̀lú owó gọbọi lórí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ṣe rí lára mi: ìmọ̀ pléètì ni wọ́n ń tà fún wa, nítorí òkúta àti ilẹ̀ pupa kò wọ́n wa.

Iṣẹ́ kò sì tíì parí lọ́wọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé. Ní ìhà nẹ́gẹ́tíìfù, wọ́n ń wo sílíkọ́ọ̀nù, tí ó wà nínú yanrìn. Ó lè gba lítíọ́mù bí ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí gíráfáìtì tí ó wọ̀n bákan náà lè gbà. Ìjà tirẹ̀ ni pé ó ń wú. Bí gàrí tí a da omi sí nínú abọ́ kékeré ni: á wú di bí ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin, bí lítíọ́mù bá sì jáde á tún sún kì, títí yóò fi fọ́ sí wẹ́wẹ́. Díẹ̀ ni wọ́n ń pò mọ́ gíráfáìtì fún ìgbà yìí. Goodenough fúnra rẹ̀ ń bá irú ìwádìí báyìí lọ lẹ́yìn tí ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Oṣù Òkúdù ọdún 2023 ni ó kú, nígbà tí ó ku bí oṣù kan kí ó pé ọdún 101.

Àwọn mìíràn sì ti ń wá bí wọn yóò ti lé lítíọ́mù náà jáde, kí sódíọ́mù inú iyọ̀ ọbẹ̀ gba ipò rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ CATL ti ilẹ̀ Ṣáínà fi irú bátìrì bẹ́ẹ̀ hàn ní ọdún 2021. Kò lágbára tó ti lítíọ́mù bí ìwọ̀n wọn bá dọ́gba, ṣùgbọ́n iyọ̀ kò ní ibi tí kò sí. Gíráfáìtì kò gba sódíọ́mù dáadáa, nítorí náà èédú líle kan ni wọ́n ń lò, èyí tí ojú-ewé rẹ̀ kò tò létòlétò, tí àlàfo pọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi ń ṣe èédú yìí ni èèpo àgbọn, irú èyí tí à ń dà sí ààtàn ní Àgbádárìgì. Wọ́n á fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n á sì sun ún nínú ìléru tí kò sí ọ́síjìn nínú rẹ̀, ní ooru tí ó lé ní 1,000 digírì, kí ó tó di pléètì.